Bí ẹ ṣe lè yan sáfà tí yóò jẹ́ olórí nínú klọ́sítà HA ti Proxmox

Bí ẹ bá so sáfà mẹ́ta pọ̀ di klọ́sítà lórí Proxmox VE, ètò tó ń jẹ́ kí sáfà kan lè gbé ọ̀pọ̀ VM (kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà), tí ẹ sì fi àwọn VM yín sábẹ́ HA, apá tó ń jí VM dìde lórí sáfà mìíràn bí sáfà tirẹ̀ bá kú, ọ̀kan nínú sáfà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń darí àwọn yòókù. Òun ló ń wò ó bóyá sáfà kan ti kú. Òun ló ń pinnu ibi tí VM tó wà lórí sáfà tó kú yẹn yóò ti jí. Òun náà ló ń mú àṣẹ tí ẹ bá pa fún HA ṣẹ, yálà ẹ pa á lójú wẹ́ẹ̀bù tàbí nínú tẹ́míná. Ọ̀pọ̀ wa kì í béèrè èwo ni olórí yìí, àfi lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ pa sáfà kan láti fi rámù kún un, tí a wá rí i pé olórí gan-an la fẹ́ pa.

Láti ìgbà tí Broadcom ti ra VMware, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe irú ètò kan náà, ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, àwọn tó ń kó ẹrù wọn wá sórí Proxmox ti pọ̀ sí i, ìbéèrè kan sì wà tó máa ń bá wọn wá: níbo ni mo ti lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé sáfà mi tó ń jẹ́ pve3 ni kó máa jẹ́ olórí nígbà gbogbo? Kò sí ibẹ̀. Proxmox kò ní ètò tó ń fi sáfà kan joyè olórí títí lọ. Àmọ́ ẹ lè gba ipò náà lọ́wọ́ sáfà kan, kí ẹ sì jẹ́ kó bọ́ sọ́wọ́ èyí tí ẹ fẹ́, nígbà tí ẹ fẹ́, láìpa VM kankan. Bí a ṣe ń ṣe é nìyí.

Lórí VMware pàápàá, ìdìbò ni wọ́n fi ń yan olórí. Láti vSphere 5.0 tó jáde ní 2011, sáfà tó bá rí datastore (ibi ìpamọ́ dísìkì àwọn VM) tó pọ̀ jù ló ń wọlé. Bí iye tí wọ́n rí bá dọ́gba, èyí tí orúkọ ìdánimọ̀ rẹ̀ nínú vCenter (ètò tí VMware fi ń darí àwọn sáfà) bá ga jù ló ń mú un, bí ọ̀rọ̀ ni wọ́n sì ṣe ń fi àwọn orúkọ yẹn wéra, kì í ṣe bí nọ́ńbà. Ìdí nìyẹn tí host-99 fi ń borí host-100. Proxmox kò ka datastore, kò sì wo orúkọ. Ẹni tó bá kọ́kọ́ débẹ̀ ló ń mú un.

Ohun tó ń sọ sáfà di olórí

Láti Proxmox VE 4.0 ní 2015, nígbà tí wọ́n pa rgmanager àtijọ́ tì, iṣẹ́ méjì ló ń lọ lórí sáfà kọ̀ọ̀kan nítorí HA. Ọ̀kan ni pve-ha-lrm. Ti sáfà tirẹ̀ nìkan ló mọ̀: ó ń tan VM, ó ń pa á, ó ń ṣí i lọ sórí sáfà mìíràn. Èkejì ni pve-ha-crm, tó ń bójú tó gbogbo klọ́sítà. Gbogbo sáfà ló ní pve-ha-crm, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ló ń ṣe olórí, tí lọ́ọ̀gì ń pè ní master. Àwọn yòókù wà ní ipò slave, wọ́n ń dúró de ìgbà tí àyè bá ṣí sílẹ̀.

Ohun tí olórí fi yàtọ̀ sí wọn ni pé ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà. Kọ́kọ́rọ́ yìí ni ha_manager_lock, fódà kan lásán lábẹ́ /etc/pve/priv/lock. Gbogbo sáfà ló ń rí /etc/pve bákan náà, nítorí náà bí méjì bá gbìyànjú láti dá fódà yẹn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan ṣoṣo ni yóò ṣeé ṣe fún. Olórí ní láti máa sọ kọ́kọ́rọ́ náà dọ̀tun lemọ́lemọ́. Bí ìṣẹ́jú-àáyá 120 bá kọjá tí kò sọ ọ́ dọ̀tun, ẹlòmíràn lè gbà á.

Apá tó wú mi lórí jù nínú ètò yìí ló kàn. Olórí ní watchdog tó ń ṣọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ náà ni sáfà èyíkéyìí tí VM abẹ́ HA wà lórí rẹ̀. Bí sáfà bá pàdánù kórọ́ọ̀mù, ìyẹn ni pé kò sí láàárín àwọn tó ju ìdajì klọ́sítà lọ mọ́, kò ní lè kọ ohunkóhun sínú /etc/pve mọ́. Kò ní lè sọ kọ́kọ́rọ́ dọ̀tun, kò sì ní máa dá watchdog lóhùn mọ́. Ìṣẹ́jú-àáyá 60 ni watchdog ń fún un, lẹ́yìn náà ó máa gé e lulẹ̀, á sì tún un tàn. Ẹ wo nọ́ńbà méjèèjì: 60 kéré sí 120. Kí kọ́kọ́rọ́ tó bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, olórí àtijọ́ ti kú. Ọba kì í pé méjì láàfin, ìjòyè ló ń pé mẹ́fà. Bí olórí méjì bá wà lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n lè tan VM kan ṣoṣo lórí sáfà méjì, kí méjèèjì máa kọ nǹkan sórí dísìkì kan, dátà yín á sì bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Nítorí náà, nínú gbogbo ìgbésẹ̀ tó ń bọ̀, olórí fúnra rẹ̀ ló ń jọ̀wọ́ kọ́kọ́rọ́. A kì í já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìgbà tó yẹ kí ẹ dá sí i

Iṣẹ́ olórí kò wúwo, kò jẹ CPU tàbí rámù tó ẹ lè kíyè sí. Ibi tí olórí wà kọ́ ló sì ń pinnu ibi tí VM ń gbé. Bí ẹ bá fẹ́ kí VM kan fẹ́ràn sáfà kan, groups ni ẹ máa lò títí dé ẹ̀dà 8. Láti ẹ̀dà 9 tó jáde ní 2025, rules ló rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó ń yí olórí padà nítorí pé VM rẹ̀ ń wọ́ kò tíì rí ibi tí ìṣòro wà.

Ó ṣe pàtàkì nígbà tí ẹ bá fẹ́ tún sáfà olórí tàn tàbí tí ẹ fẹ́ mú un dójú ìwọ̀n. Ó tún ṣe pàtàkì bí sáfà tó jẹ́ olórí bá jẹ́ èyí tí ara rẹ̀ kò yá: UPS rẹ̀ kò lágbára mọ́, káàdì nẹ́tíwọ̀kì rẹ̀ ń já, tàbí dísìkì tí Proxmox wà lórí rẹ̀ ti ń ráhùn. Bí sáfà tó kú bá jẹ́ ìjòyè lásán, olórí wà láàyè tó ń ka ìṣẹ́jú, tí yóò sì gbé VM rẹ̀ dìde. Bí ó bá jẹ́ olórí ló kú, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dúró kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ gbó, kí olórí tuntun jẹ, kí olórí tuntun náà wò yíká, kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan VM tó kú pẹ̀lú rẹ̀. Nítorí náà, mo fẹ́ràn kí olórí wà lórí sáfà tí iná àti nẹ́tíwọ̀kì rẹ̀ dúró ṣinṣin jù, kí VM tí a kò lè ṣe aláìní sì wà lórí sáfà mìíràn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ yẹ ìlera klọ́sítà wò

A gbà pé sáfà yín ni pve1, pve2 àti pve3, pve1 ni olórí, pve3 sì ni ẹ fẹ́. Ẹ wọlé sórí ọ̀kankan nínú wọn bíi root, kí ẹ tẹ:

pvecm status

Ẹ wá ìlà tó ní Quorate, Yes ló gbọ́dọ̀ wà níwájú rẹ̀. Expected votes àti Total votes gbọ́dọ̀ dọ́gba: 3 àti 3. Bí Total votes bá jẹ́ 2, sáfà kan kò sí láàárín yín, ẹ má tíì fọwọ́ kan olórí. Ẹ kọ́kọ́ wá èyí tó sọnù.

Lẹ́yìn náà, ẹ yẹ aago wò lórí sáfà kọ̀ọ̀kan:

chronyc tracking

Aago ṣe kókó ju bí ènìyàn ṣe rò lọ. HA ń fi àkókò tí sáfà kọ sílẹ̀ mọ̀ bóyá ó wà láàyè, bí aago sáfà kan bá sì ti fà sẹ́yìn jìnnà, ẹ máa rí i tí wọ́n kọ "old timestamp - dead?" síwájú sáfà tí nǹkankan kò ṣe.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mọ olórí tó wà níbẹ̀

ha-manager status

Ohun tí ẹ máa rí yóò jọ èyí:

quorum OK
master pve1 (active, ...)
lrm pve1 (active, ...)
lrm pve2 (active, ...)
lrm pve3 (idle, ...)
service vm:100 (pve1, started)
service vm:101 (pve2, started)

Ìlà kejì ni ẹ ń wá. Bí lrm kan bá wà ní idle, ẹ má bẹ̀rù: VM abẹ́ HA kankan kò sí lórí sáfà yẹn ni. Bí ẹ kò bá tíì fi VM kankan sábẹ́ HA láti ìgbà tí ẹ ti dá klọ́sítà sílẹ̀, ẹ kò ní rí olórí rárá, nítorí kò sí ohun tó fẹ́ darí.

Bí ẹ bá rí service tó wà ní fence, recovery tàbí migrate, ẹ dúró. Iṣẹ́ kan ń lọ lọ́wọ́ olórí. Ẹ jẹ́ kó parí rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ ṣí lọ́ọ̀gì sílẹ̀ lórí pve3

Ní fèrèsé tẹ́míná mìíràn, lórí sáfà tí ẹ fẹ́ kó jẹ olórí:

journalctl -u pve-ha-crm -f

Ẹ fi í sílẹ̀ kó máa sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni ẹ máa ti rí i lójú ara yín nígbà tí kọ́kọ́rọ́ bá dé.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ dá pve2 dúró kó má bàa sáré débẹ̀ ṣáájú

Èyí gan-an ló ń jẹ́ kí ẹ lè yan. Bí ẹ bá kàn gba ipò lọ́wọ́ pve1, pve2 àti pve3 ni yóò jọ sáré, ẹ kò sì mọ ẹni tí yóò débẹ̀ ṣáájú. Nítorí náà, lórí pve2:

systemctl stop pve-ha-crm

Kò sí VM tí yóò kú. pve-ha-lrm ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí pve2, òun ló sì ń tọ́jú àwọn VM ibẹ̀. Ẹ ṣọ́ra gan-an lórí lẹ́tà yẹn: crm ni, kì í ṣe lrm. Bí sáfà yín bá jẹ́ márùn-ún, gbogbo àwọn ìjòyè yòókù ni ẹ máa dá dúró báyìí, àfi pve3 nìkan.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ jẹ́ kí pve1 jọ̀wọ́ kọ́kọ́rọ́

Lórí pve1:

systemctl stop pve-ha-crm

Bí a bá pa á wọ́ọ́rọ́wọ́ báyìí, ó máa jọ̀wọ́ kọ́kọ́rọ́, ó sì máa sọ fún watchdog pé òun ti parí iṣẹ́, kí ó má bàa gé sáfà lulẹ̀. Nínú lọ́ọ̀gì pve1 ẹ máa rí "watchdog closed (disabled)". Lójú fèrèsé pve3 tí ẹ ṣí sílẹ̀, láìpẹ́, ẹ máa rí:

successfully acquired lock 'ha_manager_lock'
watchdog active
status change slave => master

Bí ẹ bá dúró tí ọ̀rọ̀ yìí kò yọ lójú ẹsẹ̀, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú méjì ó lé díẹ̀ kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Ó lè jẹ́ pé kọ́kọ́rọ́ náà kò jáde lọ́wọ́ pve1 dáadáa, tí a fi ń dúró kó gbó.

Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ yìí, HA kò ní olórí. Àwọn VM ń bá iṣẹ́ wọn lọ, ṣùgbọ́n bí sáfà kan bá kú ní àkókò náà gan-an, VM rẹ̀ kò ní dìde títí olórí tuntun fi máa jẹ. Ẹ má ṣe é nígbà tí àwọn ènìyàn ń sanwó lórí VM yín, ẹ má sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní àárín láti lọ jẹun.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ dá àwọn ìjòyè padà

Gbàrà tí pve3 bá ti jẹ, lórí pve2, lẹ́yìn náà lórí pve1:

systemctl start pve-ha-crm

Ìgbésẹ̀ yìí ló rọrùn láti gbàgbé, òun sì ni ìgbàgbé rẹ̀ burú jù. Bí pve1 àti pve2 kò bá ní crm tó ń ṣiṣẹ́, tí pve3 sì kú, kò sí ẹni tí yóò gorí oyè. Klọ́sítà yín á dà bí èyí tó ní HA lójú, kò sì ní.

Ẹ tún ha-manager status tẹ̀. Ó yẹ kí master jẹ́ pve3, kí ó sì wà ní active. Ẹ lè tún wo inú fáìlì /etc/pve/ha/manager_status, níbi tí wọ́n kọ master_node sí. Ẹ wò ó lásán ni, ẹ má kọ nǹkankan síbẹ̀.

Bí pve1 ṣe padà dé, kò ní gba ipò rẹ̀ padà. pve3 á máa ṣe olórí lọ títí ẹ fi máa pa á, tàbí tí nǹkankan fi máa ṣe é.

Bí ìdí tí ẹ fi ń yí i padà bá jẹ́ àtúnṣe

Láti ẹ̀dà 7.3, ọ̀nà kan wà tó rọrùn ju èyí lọ:

ha-manager crm-command node-maintenance enable pve1

Àwọn VM abẹ́ HA tó wà lórí pve1 máa ṣí lọ sórí àwọn sáfà yòókù. Láti ẹ̀dà 8.1, bí pve1 bá jẹ́ olórí, ó máa jọ̀wọ́ ipò náà pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹ kò lè yan ẹni tó máa gbà á, àfi bí ẹ bá kọ́kọ́ dá àwọn yòókù dúró bí mo ṣe ṣàlàyé. Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ fi disable sí ipò enable, àwọn VM á padà wálé.

Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ yẹ VM wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. VM tí dísìkì rẹ̀ wà lórí pve1 nìkan, tàbí tí ẹ so káàdì ara sáfà náà mọ́, kò ní lè lọ bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ètò ìmúdójúìwọ̀n

Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni a ń mú sáfà dójú ìwọ̀n, a kì í ṣe gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti orí olórí, ipò náà á fò sórí sáfà tí ẹ ṣì máa tún tàn, lẹ́yìn náà á tún fò. Nítorí náà mo máa ń fi olórí ṣe ìkẹyìn. Bí pve1 bá jẹ́ olórí, ẹ kọ́kọ́ ṣe pve2, kí ẹ tún un tàn, kí ẹ dúró títí pvecm status á fi pé. Ẹ ṣe pve3 bákan náà. Lẹ́yìn náà ni ẹ máa fi ìgbésẹ̀ òkè yìí gbé ipò olórí lọ sórí pve3 tó ti wà ní ẹ̀dà tuntun, kí ẹ wá ṣe pve1. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni olórí yí padà, ọwọ́ yín ló sì ti yí.

Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe

Ẹ má pa fódà ha_manager_lock rẹ́. Olórí tó wà láàyè ṣì gbà pé ọwọ́ òun ni kọ́kọ́rọ́ wà, ẹ sì ti ń ṣílẹ̀kùn fún èkejì.

Ẹ má fi kill -9 pa pve-ha-crm lórí olórí. Bí ó bá kú lójijì báyìí, kò ráyè dágbére fún watchdog. Lọ́ọ̀gì watchdog-mux á kọ ọ́ pé "client did not stop watchdog - disable watchdog updates", láàárín ìṣẹ́jú kan sáfà náà á tún ara rẹ̀ tàn pẹ̀lú gbogbo VM tó wà lórí rẹ̀.

Ẹ má tẹ pvecm expected 1 nítorí pé ẹ fẹ́ kí sáfà kan dá jẹ olórí nígbà tí nẹ́tíwọ̀kì pín sí méjì. Ẹ ti fún sáfà tó dá wà ní kórọ́ọ̀mù tí kò tọ́ sí i nìyẹn, gbogbo ààbò tí 60 àti 120 yẹn ń ṣe sì ti lọ.

Àwọn kan máa ń fi systemctl disable pa pve-ha-crm títí láé lórí sáfà tí wọn kò fẹ́ kó jẹ olórí. Ó máa ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò gbà yín níyànjú rẹ̀. Nínú klọ́sítà sáfà mẹ́ta, ẹ ti sọ àwọn tó lè gorí oyè di méjì, ẹni tó bá sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín lọ́la kò ní mọ̀. Bí sáfà kan kò bá yẹ kó jẹ olórí rárá, ohun tó ń ṣe é ni kí ẹ tún ṣe.

Bí olórí bá ń yí padà fúnra rẹ̀

Bí ẹ bá rí i pé lónìí pve1 ni, lọ́la pve2, tí ẹnikẹ́ni kò sì fọwọ́ kan nǹkankan, nẹ́tíwọ̀kì corosync (ètò tí àwọn sáfà fi ń bára wọn sọ̀rọ̀) ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ wo:

journalctl -u corosync

Bí "link: 0 is down" tàbí "Retransmit List" bá kún ibẹ̀, ìsọfúnni corosync ń sọnù lójú ọ̀nà. Corosync kò fẹ́ kí ìdádúró láàárín sáfà tó mílísẹ́kọ́ńdù 5, kò sì lè fara da kí bákọ́ọ̀pù alẹ́ tàbí dátà ibi ìpamọ́ gba gbogbo ojú ọ̀nà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ fún un ní káàdì àti switch tirẹ̀. Gígábíìtì kan tó o púpọ̀. Kí ẹ sì fi ọ̀nà kejì tì í lẹ́yìn, kí ìkan tó já má bàa mú kórọ́ọ̀mù lọ.

Bí sáfà yín bá jẹ́ méjì péré, ẹ kò tíì yẹ ní ẹni tó ń yan olórí. Bí ọ̀kan bá kú, èkejì kò ní kórọ́ọ̀mù, kò sì lè mú kọ́kọ́rọ́. Ẹ wá ẹ̀rọ kékeré kẹta tí kò sí lórí iná kan náà pẹ̀lú wọn, kí ẹ fi corosync-qnetd sórí rẹ̀, kí ẹ fi corosync-qdevice sórí sáfà méjèèjì, kí ẹ wá tẹ pvecm qdevice setup pẹ̀lú àdírẹ́sì IP ẹ̀rọ náà. Ìbò kẹta á wà, pvecm status á sì fi 3 hàn ní Expected votes. Ìgbà yẹn ni ẹ lè padà sí ìgbésẹ̀ kìíní.